Òkú Èkó

Ẹja inú yìnyín tí a ń pè ní Titus ni òkú Èkó. Àwọn ará òkè ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: láti Èkó ló ti ń dé bá wọn, ó ti kú, ó sì gan bí igi. Ní Ìlúpéjú, ní Èkó níbí, Titus ni ẹlẹ́ja máa ń kígbe. Ta ni yóò fi òkú polówó ìlú ara rẹ̀? Èkó kọ́ ló kúkú kú sí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti àríwá òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí Norway àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti ń jiyàn lórí iye tí kálukú lè pa lọ́dún. Ní oṣù kẹta 2019, àjọ Marine Stewardship Council, tó ń jẹ́rìí sí ẹja tí a pa láìpa ìran rẹ̀ run, dá ìwé-ẹ̀rí ẹja náà dúró: ó ń dínkù, síbẹ̀ wọ́n ń pa á ju bó ṣe yẹ lọ.