IKÚ ÀLEJÒ ÀTI ÌDÁJỌ́ ÌJỌBA: ÌTÀN TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀

Owó là ń kó jọ, ijó ni a ó sì jó. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a tìtorí ijó gbàgbé ohun tí ó ń mú kí àwọn àgbà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìdálẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹrú náà, ọmọ ni níbi tí a gbé bí i.

Bí olè bá lu ènìyàn, owó ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n bí a bá lu ènìyàn nítorí ilà ojú rẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀, èdè ẹnu rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀, gbogbo ẹni tí ó jọ ọ́ ni a lù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo wọn ni yóò máa wẹ̀yìn wò kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Èyí ni a ń pè ní ọ̀ràn ìkórìíra.

OHUN TÍ OJÚ WA TI RÍ NÍLÉ

Ní oṣù Kẹta ọdún 1953, Ọ̀gbẹ́ni Anthony Enahoro dábàá ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Àwọn aṣojú Òkè Ọya kò fara mọ́ ọn, àwọn èrò Èkó sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group fẹ́ rán ikọ̀ tí Olóyè S. L. Akíntọ́lá ṣáájú lọ sí Kánò ní oṣù Karùn-ún, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 16, ó sì gba ọjọ́ mẹ́rin. Ìwé ìjọba sọ pé ènìyàn 36 ni ó kú: 21 jẹ́ ará Gúúsù, 15 jẹ́ ará Òkè Ọya. Àwọn tí ó lé ní 200 fara gbọgbẹ́. Alájàpá Sabon Gari wo ni ó jókòó nílé ìgbìmọ̀ Èkó? Ìran wọn nìkan ni a wò.

Lẹ́yìn èyí, ìjọba ṣe ìwádìí, ó tẹ ìwé jáde. Bákan náà ni ní Jos: ìgbìmọ̀ Adájọ́ Fiberesima jókòó lórí ìjà ọdún 1994, ti Adájọ́ Niki Tobi lórí ti 2001, ti Ọmọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Yorùbá tí ó ti ṣe adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ àgbáyé, lórí ti 2008. Ìwé ń gorí ìwé, ṣùgbọ́n àwọn tí kóòtù dá lẹ́bi kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye òkú tí a sin. Níbi tí ìdájọ́ kò bá sí, ìjà kì í tán. Oorun ni ó ń sùn.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìlú òyìnbó, níbi tí òbí méjì ti kọ̀ jálẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ àwọn kò ní sùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1993, Stephen Lawrence, ọmọ ọdún 18, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Eltham. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Woolwich àti Thamesmead tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí. Jàmáíkà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó sì wu ọmọ náà láti di ayàwòrán ilé. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan sọdá títì, wọ́n fi àwọ̀ ara bú wọn, wọ́n sì gún Stephen lọ́bẹ. Ó sáré díẹ̀, ó ṣubú, ó kú.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ará àdúgbò ti dárúkọ àwọn afurasí. Síbẹ̀ ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọlọ́pàá tó mú ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn tí Nelson Mandela ti rí àwọn òbí náà. Ọ̀rẹ́ Stephen tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀, wọn kò ṣe é bí ẹni tí a ṣẹ̀. Ní oṣù Keje, agbẹjọ́rò ìjọba ní ẹ̀rí kò tó, ó pa ẹjọ́ tì.

Baba àti ìyá kò pa á tì. Ní 1994 àwọn fúnra wọn pe ẹjọ́. Ní 1996 kóòtù dá àwọn mẹ́ta sílẹ̀. Wọn kò dákẹ́. Ní 1997 ìjọba yan Adájọ́ William Macpherson láti ṣe ìwádìí. Ìwé rẹ̀ jáde ní oṣù Kejì ọdún 1999 pẹ̀lú ìmọ̀ràn 70. Ó ní àìmọṣẹ́, àìkáràmáásìkí àwọn ọ̀gá, àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí ó ti wọ inú ètò iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó ba ọ̀ràn náà jẹ́. Ó ní bí ẹni tí a ṣẹ̀ tàbí ẹlòmíràn bá ti gbà pé ìran ni ó fa ọ̀ràn kan, kí ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin náà yí padà. Òfin ọdún 1998 fi kún ìyà ẹni tí ó bá fi ìkórìíra ìran lu ènìyàn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kóòtù bá ti dá sílẹ̀, a kò gbọdọ̀ tún pè é lẹ́jọ́ lórí ọ̀ràn kan náà. Òfin ọdún 2003 gbà á láàyè fún ọ̀ràn ńlá bí ìpànìyàn, bí ẹ̀rí tuntun bá yọ. Ẹ̀rí yọ lóòótọ́: ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ Stephen, bíńtín, ní ọrùn jákẹ́ẹ̀tì Gary Dobson, ọ̀kan nínú àwọn tí a dá sílẹ̀ ní 1996. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2012, kóòtù dá òun àti David Norris lẹ́bi, wọ́n sì gba ẹ̀wọ̀n gbére. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Síbẹ̀, méjì péré ni kóòtù dá lẹ́bi nínú àwọn bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ẸGBẸ́ WA

Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 41 àti 42, fún wa láṣẹ láti gbé ibi tí ó wù wá, ó sì ka fífi ìran tàbí ẹ̀sìn fìyà jẹni léèwọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé kóòtù.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ ní ìwé àkọsílẹ̀: ọjọ́, àkókò, ibi, orúkọ ẹni tí ó rí i. Ohun tí a kò kọ, a ó gbàgbé rẹ̀.

Èkejì, kí a yọ nínú owó tí a ń kó jọ lónìí fún lọ́yà àti fún ìtọ́jú ẹlẹ́rìí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òbí méjì nìkan kò yẹ kí ó ru ẹrù ọdún méjìdínlógún.

Ẹ̀kẹta, kí a má gbẹ̀san, kí a má sì fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan na ìran rẹ̀. Òyìnbó ni ó pa Stephen, ṣùgbọ́n tọkọtaya òyìnbó tí ó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ni ó dúró tì í bí ó ti ń kú lọ, adájọ́ òyìnbó ni ó sì bá ọlọ́pàá wí. Nínú ìlú yìí pẹ̀lú, onílé tí ó fi àwọn ènìyàn wa pamọ́ nígbà ìjà kò ṣọ̀wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ wọ́n, kí a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ojú sunkún ara wa. Kí ìlú tí a wà yìí tòrò, kí ó rọ onílé lọ́rùn, kí ó sì rọ àlejò lọ́rùn. Àṣẹ.