Olóòlà, Wanzami àti Dókítà: Ìtàn Ìtọ́jú Awọ Orí Okó àti Àrùn Rẹ̀, Pẹ̀lú Àfiyèsí sí Mínà

Ìfáàrà

Bí mo bá dárúkọ adọ̀dọ́ ní kíláàsì, ẹ̀rín ni ó máa ń kọ́kọ́ tẹ̀lé e. Adọ̀dọ́ ni awọ tí ó bo orí okó ọmọkùnrin nígbà tí a bí i, èyí tí a ń gé kúrò nígbà tí a bá dákó fún un. Ẹ̀rín yẹn ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, nítorí ohun tí àwọn kan fi ń rẹ́rìn-ín ni ọkùnrin mìíràn ń fi pamọ́ títí yóò fi di egbò. Mo fẹ́ tọpasẹ̀ bí ìtọ́jú awọ yìí ṣe ti ọwọ́ olóòlà àti wanzami dé ọwọ́ dókítà. Mínà ni mo fi ṣe ibùdó nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé.

Olóòlà àti wanzami

Ìkọlà ti pẹ́ ní Áfíríkà. Lára ògiri ibojì Ankhmahor ní Saqqara, ní ilẹ̀ Íjíbítì, àwòrán kan wà tí ó fi bí wọ́n ṣe ń dákó hàn. Ó ti lé ní 4,000 ọdún. Ní ilẹ̀ Yorùbá, olóòlà ni ó ni iṣẹ́ náà, iṣẹ́ ìdílé sì ni. Ẹni tí ó ń kọ ilà ojú ni ó tún ń dákó. Abájọ tí èdè wa fi ń lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ilà, fún méjèèjì. Irin ni olóòlà ń lò, Ògún ni ó sì ń bọ. Bí ó bá gé e tán, omi ìgbín ni ó máa ń kán sí ojú egbò náà. Kì í ṣe nítorí pé omi yìí tutù nìkan. Ẹ̀rọ̀ ni ìgbín jẹ́ lójú Yorùbá, a sì gbà pé ẹ̀rọ̀ ni a fi ń pàrọwà fún ohun tí irin bá fara gbọgbẹ́.

Ojú irin tí ó ti Èkó wá àti èyí tí ó ti Bárò wá pàdé ní Mínà kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Àwọn Yorùbá tí ó bá ojú irin wá, òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò, di aládùúgbò àwọn Gbagyi, Nupe àti Hausa. Wanzami ni olóòlà ti àwọn Hausa. Òun ni ó ń fá orí, tí ó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀, tí ó ń gé bẹ́líbẹ́lí ọ̀nà ọ̀fun, tí ó sì ń fi abẹ tí wọ́n ń pè ní aska dákó fún ọmọ.

Ìyàtọ̀ kan wà tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni a ń dákó fún ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí ìgbà tí a bí wọn, ṣùgbọ́n ọmọ Hausa lè tó bí ọmọ ọdún méje kí wanzami tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá ọmọ Hausa láyè láti mọ bí awọ náà ṣe ń yún ọmọ àti bí ó ṣe ń wú. Tiwa kò láyè bẹ́ẹ̀. Èrò mi ni pé ìdí nìyí tí Yorùbá fi ní orúkọ fún àtọ̀sí, tí a kò fi ní orúkọ tí ó gbilẹ̀ fún kí orí okó àti awọ rẹ̀ máa wú.

Àrùn tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa ni ti ojú egbò. Abẹ kan náà lè kan ọmọ púpọ̀ ní ọjọ́ kan. Òrí, tí igi rẹ̀ pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Niger, ń mú kí ara rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa kòkòrò tetanus tí ń mú kí ara ọmọ gan.

Dókítà

Àwọn dókítà pàápàá ṣi awọ yìí mọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ń gé e fún ọ̀pọ̀ ọmọ pẹ̀lú àwíjàre pé ìdọ̀tí àti àrùn ni ó ń fà. Ní 1949, dókítà ọmọdé kan, Douglas Gairdner, kọ àpilẹ̀kọ kan nínú British Medical Journal. Ó fi hàn pé nínú 100 ọmọkùnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, mẹ́rin péré ni awọ wọn ṣe é fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó ní nígbà tí wọ́n bá fi máa di ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ti di 90. Ó tún sọ pé nǹkan bí ọmọ 16 ni ìkọlà ń pa lọ́dọọdún ní England àti Wales. Ẹ̀kọ́ ti Gairdner ṣì wúlò fún ìyá tí ó bímọ sí òkè òkun tí kò sì dákó fún un: kí ó má ṣe fi tipá fa awọ náà sẹ́yìn. Fífà yẹn ni ó máa ń ya á, tí àpá rẹ̀ yóò sì mú kí awọ fún pa.

Ní ti àgbàlagbà, ohun mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù: ìdọ̀tí funfun tí ó kó sábẹ́ awọ, ọṣẹ líle tí ń jó ara, àti olú tí wọ́n ń pè ní Candida. Omi lásán ni a fi ń fọ̀ ọ́, kí a sì nù ún gbẹ. Bí ó bá jẹ́ olú, dókítà lè fún un ní ìpara bíi clotrimazole. Bí ó bá jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀, a óò tọ́jú ìyàwó pẹ̀lú. Bí ó bá ń padà wá ṣáá, tàbí tí awọ ti fún pa, a lè dákó fún àgbàlagbà náà ní ilé ìwòsàn. Èyí tí kò gba ìdúró rárá ni ti ẹni tí awọ rẹ̀ yí sẹ́yìn tí kò padà mọ́. Ẹ̀jẹ̀ lè má ráyè dé orí okó, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó dé ilé ìwòsàn.

Olú yìí fẹ́ràn ẹni tí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan lè má mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ, kí ó jẹ́ pé awọ okó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Bí ó bá lọ ra oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì tí ó sì ń fi pa á lójú fún oṣù mẹ́fà, àtọ̀gbẹ ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ní 2007, lẹ́yìn ìwádìí ní South Africa, Kenya àti Uganda tí ó fi hàn pé ìkọlà dín bí ọkùnrin ṣe ń kó HIV lọ́dọ̀ obìnrin kù ní nǹkan bí ìdá 60 nínú 100, àjọ WHO dá a lábàá fún àwọn orílẹ̀-èdè ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin wa ni a ti dákó fún. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà dé etí wa bí ìyìn fún ara wa, bí ẹni pé àrùn kò lè kan ẹni tí a ti kọ nílà. Irọ́ ni. Orí okó tí a ti dákó fún lè wú pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é

Èébú ni “aláìkọlà” lẹ́nu wa. Ẹni tí ó bá gbé orúkọ yẹn kọ́rùn kò ní fẹ́ bọ́ ṣòkòtò níwájú nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́ èdè rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, yóò sọ pé inú ń run òun. Níwọ̀n bí èdè mẹ́rin ti ń jà fún etí ní Mínà, ohun tí mo dábàá ni ìwé ìléwọ́ ní Yorùbá, Hausa, Nupe àti Gbagyi, tí kò ní bi ẹnikẹ́ni bóyá a dákó fún un tàbí a kò dákó fún un. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ní Yorùbá, lẹ́yìn tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ni: “Bí orí okó tàbí awọ rẹ̀ bá ń wú tàbí tí ó ń yún ọ, lọ rí dókítà, kí o sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò.”