Láti Lántòrò dé Ìgbó-Ọrà

Ìjọ Ọlọ́run ló kọ́kọ́ gbé ìṣègùn òyìnbó dé ẹsẹ̀kùlé ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1895, àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Lántòrò, l'Abẹ́òkúta, níbi tí Fadá Jean-Marie Coquard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú aláìsàn. Dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì gba Iléṣà lọ, wọ́n dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀. Ìjọba amúnisìn ní tirẹ̀, àwọn òyìnbó àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń rò.

Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ di dókítà nígbà náà, àfi kó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Bìrìtéènì. Ibẹ̀ ni Ògúntọ́lá Sápàrà ti kàwé, ibẹ̀ náà ni Obadiah Johnson, àbúrò Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá. Nígbà tí ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yábàá ní 1930, ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ kò kọjá ẹnubodè Nàìjíríà, olùrànlọ́wọ́ dókítà lásán ni wọ́n sì fi àwọn tó gbà á ṣe. Ìrẹ́jẹ gbáà ni.

Ìbàdàn ló tú wọn sílẹ̀. Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, àmọ́ ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n fi ń rọ́jú, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń lọ parí ẹ̀kọ́ ní London. Ní oṣù kọkànlá 1957 ni wọ́n ṣí UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì náà, tó ní ìbùsùn 500. Nígbà tó fi máa di 1960, àwọn dókítà tí wọ́n kọ́ látòkèdélẹ̀ n'Ìbàdàn ti jáde.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tó wú mi lórí jù lọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, abúlé ni wọ́n ti ṣe é. Láti 1954, Adéoyè Lámbò, dókítà àrùn ọpọlọ, kò ti alárùn ọpọlọ mọ́lé mọ́. Ó wá ilé fún wọn lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn Àrò, l'Abẹ́òkúta, ká. Ẹbí wọn a máa bá wọn gbé, wọn a lọ gba ìtọ́jú, wọn a padà sílé. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí David Morley, dókítà ọmọdé láti Wesley Guild, gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ. Wọ́n ń gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sórí òṣùwọ̀n déédéé, wọ́n ń sàmì ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, ìyá ọmọ ló sì ń tọ́jú káàdì náà sílé. Ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá ń rí i bí ìlà náà bá ń gòkè tàbí ó ń wálẹ̀, kí ebi tàbí àìsàn tó dá ọmọ wólẹ̀. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì yìí ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní agbègbè Ìbàràpá, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ gbé Ìgbó-Ọrà láàárín àwọn àgbẹ̀. Olíkóyè Ransome-Kútì, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtọ́jú ọmọdé l'Ékòó, di mínísítà ìlera ní 1985, ètò ìlera alábọ́dé, ìtọ́jú tó sún mọ́ ará ìlú, ló sì gbájú mọ́.

Ifẹ̀, Ṣágámù, Òṣogbo, Adó-Èkìtì, Oǹdó: gbogbo wọn ti ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jáde níbẹ̀ ń kó lọ sí Bìrìtéènì. Owó oṣù tí kò gbọ́ bùkátà, iná tí kì í dúró àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló ń lé wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ṣí òmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ iye dókítà tí yóò máa sanwó fún ní ilé ìwòsàn abúlé rẹ̀, kó tó fi ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà lélẹ̀.