Okùn Kúkúrú Ara Báńjò Àtijọ́ àti ti Òde-Òní

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni orírun okùn kúkúrú ara báńjò olókùn márùn-ún tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Awọ ẹran àti okùn ìfun ni a fi ń ṣe ti àtijọ́. Ike àti okùn irin ni wọ́n sábà ń lò fún ti òde-òní. Okùn kúkúrú tí àtàǹpàkò ń ta wà lára méjèèjì. Àwọn kan sọ pé Joel Sweeney, òyìnbó Amẹ́ríkà tí a bí ní 1810, ni ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán kan tí a yà ní South Carolina ní nǹkan bí 1785 sí 1790, ẹrú kan ń ta báńjò alákèrègbè, okùn kúkúrú sì wà lára rẹ̀. Akonting àwọn Jola ní Senegal àti Gambia náà ní irú rẹ̀. Nítorí náà, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ẹ̀rí tọ́ka sí, kì í ṣe Sweeney.