Ta Ló Kọ́kọ́ Bu Omi? Òjò Ọ̀sán Inú Àwòṣe àti Òjò Ìrọ̀lẹ́ Ìbàdàn

Nínú iṣẹ́ tí John Marsham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2013, àwòṣe kan tí ojú àwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 12 ni wọ́n fi wo ojú ọjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́nà méjì. Nínú ọ̀kan, ìlànà àfidípò, ìyẹn ìṣirò tó ń ṣojú fún ohun tó kéré ju ojú àwọ̀n lọ, ló ń ṣe iṣẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè. Nínú èkejì, wọ́n pa ìlànà náà tì, wọ́n fi iṣẹ́ yẹn lé òpó ìṣàn afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, ìyẹn apá àwòṣe tó ń ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn. Òjò tó ń tètè rọ̀ lọ́sàn-án wá sún sí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ìlànà àfidípò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá lẹ́bi. Èmi ò gbà á tán.

Ará Ìbàdàn mọ òjò ìrọ̀lẹ́ dáadáa. Lọ́jà Bódìjà, oòrùn á mú ganrínganrín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run á ṣú láti ìlà-oòrùn, ìjì á ṣáájú, àwọn aláta á máa sáré fa ọ̀rá bo ọjà wọn kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó kan páànù. Ìrọ̀lẹ́ náà ni òjò 26 Oṣù Kẹjọ 2011 bẹ̀rẹ̀, èyí tó pa èèyàn tó lé ní 100.  

Kí ló dé tí òjò yìí fi ń tètè rọ̀ nínú àwòṣe? Nǹkan méjì ni ìdánwò Marsham ní 2013 yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a ṣe ń ṣírò òjò yí. Ìgbà àti ibi tí ooru òjò ti ń wọnú ìṣàn afẹ́fẹ́ náà yí. Ìyẹn ni pé ìsopọ̀ àwọn apá àwòṣe yí pẹ̀lú.

Ọ̀nà méjì la fi ń so àwọn apá yìí pọ̀: àjùmọ̀wò àti àtẹ̀lé. Ká ní àmù omi kan wà nínú ilé, tí ẹni mẹ́ta fẹ́ bu níbẹ̀. Nínú àjùmọ̀wò, gbogbo wọn á yọjú wo àmù láàárọ̀, kálukú á pinnu ìwọ̀n tirẹ̀ láìka ti ẹnì kejì sí. Ìṣirò kálukú lè tọ́, síbẹ̀ kí àpapọ̀ rẹ̀ ju omi inú àmù lọ. Ibẹ̀ ni oru omi ti ń lọ sí abẹ́ òdo nínú àwòṣe, tí a ó wá máa lẹ̀ ẹ́. Nínú àtẹ̀lé, ẹnì kìíní á bu tirẹ̀, ẹnì kejì á bá ìyókù. Omi kò ní gbèsè, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ dé ti di ọ̀gá. Bí ìrúkèrúdò afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ bá ti kó ooru àti ọ̀rinrin jọ kí ìlànà òjò tó yọjú, òjò á rí oúnjẹ tútù lórí tábìlì, á sì jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí òjò bá ṣáájú, oúnjẹ àná ló máa bá. Ìṣísẹ̀ kan nínú ìṣirò kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ dọ́sàn-án, àṣìṣe kan náà ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Àwọn kan á ní David Williamson fi ọ̀nà méjèèjì wéra ní 2002, ìyàtọ̀ wọn kò sì tóbi lápapọ̀. Lápapọ̀! Òjò ọ̀sán àti òjò ìrọ̀lẹ́ lè kún agolo ìwọn-òjò dọ́gba. Ìpíndọ́gba kò bi ẹnikẹ́ni léèrè aago.

Ẹ̀rí mi tó lágbára jù lọ wá láti ECMWF, ilé-iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ti Yúróòpù. Ní Oṣù Kọkànlá 2013, wọ́n yí ìlànà òjò wọn padà, èyí tí Bechtold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ní 2014. Wọ́n mú kí òjò yọ ohun tí ìpele afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ń kó wọlé kúrò nínú agbára tó ń kà sí tirẹ̀. Òjò orí ilẹ̀ sún sí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ìlànà àfidípò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n pè é ní àtúnṣe ìlànà. Àtúnṣe ìsopọ̀ ni mo pè é: ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ẹnì kejì bù.



Ìdánwò tó kù rọrùn láti sọ: ìlànà kan náà, ojú àwọ̀n kan náà, ipò ìlànà òjò nínú àtẹ̀lé nìkan ni kí a yí, kí a wá ka aago òjò n'Ìbàdàn láti Àgbowó dé Challenge. Mo ní ipò yẹn nìkan á tó láti sún aago òjò.