Ohun Tí Mo Bá Nínú Báàgì Ghana Must Go

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún Kérésì pé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ìrìnàjò sí Ògbómọ̀ṣọ́. Yábàá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Sùúrùlérè ni mò ń gbé, màmá mi sì ti padà sílé láti bí ọdún mélòó kan. Báàgì tí mo máa ń gbé kò gba gbogbo nǹkan tí wọ́n ní kí n rà bọ̀, ni mo bá gun àga, mo fa báàgì Ghana Must Go kan tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wà láti ìgbà tí màmá kó kúrò ní Múṣin. Mo rò pé aṣọ àlòkù ló wà nínú ẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni mo bá: owó ẹyọ Gánà kan, ìwé kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, àti àlùmọ́gàjí ńlá, irú èyí tí àwọn télọ̀ fi ń gé aṣọ. Mo pe màmá lórí fóònù.

“Màmá, ẹ gbàgbé ẹrù kan sọ́dọ̀ mi o.”

Nígbà tí mo sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá ní, “Mi ò gbàgbé ẹ̀. Mo kàn gbé e síbẹ̀ ni.”

Ìwé gbèsè ni ìwé náà. Bàbá tó bí màmá mi ta wosiwosi ní Kúmásì fún ọdún gbọọrọ, orúkọ àwọn tó rajà àwìn lọ́wọ́ wọn ló kún inú ẹ̀, pẹ̀lú iye tó wà lọ́rùn oníkálukú ní sídì àti pẹ́séwà. Àwọn Àkàn a máa fi ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ sọ ọ́ lórúkọ, torí náà Ama pọ̀, Kofi pọ̀. Bàbá wá ń fi àmì sí i: Ama oníbúrẹ́dì, Ama ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, Kofi awakọ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni àkọsílẹ̀ wọn dúró.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú oṣù náà? Láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe Gánà ní Gold Coast ni àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìníṣà, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ti ń ṣòwò níbẹ̀, láti Àkrà dé Kúmásì títí dé Tàmálè. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àbí kó kúrò nílùú. Ọrọ̀ ajé wọn ti dẹnu kọlẹ̀, gbèsè ti wọ ìjọba lọ́rùn, àwọn ọ̀dọ́ kò ríṣẹ́ ṣe. Àlejò tó jókòó sínú ọjà ni ojú tètè rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Gánà ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń lé náà sí. Ọ̀kan ni màmá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n, wọn kò tíì fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí.

“Wọ́n ní à ń lọ sílé,” ni wọ́n sọ fún mi. “Èmi sì rò pé ilé la wà.”

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti fi gba gbèsè. Ta ló máa kánjú san owó fún ẹni tó mọ̀ pé ó ń lọ? Bẹ́ẹ̀dì, rédíò, ọjà tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ta gbogbo ẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wọn gba Tógò àti Dahomey, tó di Benin lónìí, wálé.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, ó kan àwa náà láti lé àlejò. Owó epo ló fa àwọn ará Gánà wá sí Èkó: olùkọ́, télọ̀, bíríkìlà. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n ṣe ní 1979 sì ti gbà pé ará ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà fún 90 ọjọ́. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, tí ìdìbò 1983 sì ń bọ̀, ìjọba Shehu Shagari kéde ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní ọdún náà, pé kí àlejò tí kò ní ìwé kó jáde kí oṣù tó parí. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni, bíi ti Busia gẹ́lẹ́. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn ará Gánà tó lọ tó mílíọ̀nù kan. Ìjọba Rawlings ti ti ẹnu ibodè Gánà pa láti 1982, torí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn há sójú ọ̀nà ní Benin kí wọ́n tó ṣí i fún wọn. Báàgì tí wọ́n di ẹrù sí ni a sọ ní Ghana Must Go.

Múṣin ni màmá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ń gbé nígbà náà. Télọ̀ ará Gánà kan wà nínú yàrá tó kọjú sí tiwọn. Nígbà tí àṣẹ dé, ó gbé maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ síta pé òun fẹ́ tà á.

“Màmá àgbà ló rà á,” ni màmá wí. “Wọ́n mọ̀ pé owó yẹn ò tó. Wọ́n mọ̀ dáadáa, torí bí wọ́n ṣe ra tiwọn ní Kúmásì náà nìyẹn.”

Télọ̀ náà kò ta àlùmọ́gàjí. Ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú ẹ̀, òun ń bọ̀ wá mú un. Kò padà wá. Maṣíìnì yẹn ni màmá fi kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi sanwó ilé-ìwé mi títí mo fi gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí.

Mo ṣí ìwé náà dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn gbogbo Ama àti Kofi, ìlà kan wà tí wọ́n fi báírò mìíràn kọ: “Télọ̀. Àlùmọ́gàjí kan. Owó maṣíìnì kò pé. 1983.” Màmá àgbà kò mọ̀wé, àwọn ló ní kí màmá mi kọ ọ́ síbẹ̀. Gbèsè tí wọ́n jẹ wá ló kún ìwé yẹn. Èyí nìkan ni àwa jẹ.

Gánà gé òdo mẹ́rin kúrò lára sídì ní 2007. Lójú ìṣirò, 100 sídì ayé bàbá kò ju pẹ́séwà kan lọ lónìí, gbèsè tiwa ti di afẹ́fẹ́. Ti àlùmọ́gàjí kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ni, ó ṣì mú.

Ní Gánà, Alata ni wọ́n máa ń pe àwa Yorùbá, wọ́n sì ń pe ọṣẹ dúdú ní alata samina títí dòní. Wọ́n lé wa, orúkọ wa kù sára ọṣẹ. A lé wọn, orúkọ wọn kù sára báàgì. Kì í ṣe àwa nìkan: ní Jámánì, àwọn ará Tọ́kì tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ irú báàgì yìí lórúkọ. Nínú iṣẹ́ tiwa, tí o bá fún nǹkan lórúkọ tí kò bá ohun inú rẹ̀ mu, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa jìyà ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń fi ẹ̀rín pe orúkọ báàgì yẹn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ìyá tèmi náà rí pé kó máa lọ.

Mo bi màmá pé kí ni kí n ṣe sí ẹrù náà.

“Gbé e bọ̀,” ni wọ́n wí. “Fi òróró díẹ̀ pa àlùmọ́gàjí yẹn, kó má dógùn-ún.”

Ní Jíbówú, nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù sí búùtù, mo ní ẹsẹ̀ mi ni báàgì yẹn máa wà. Awakọ̀ bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀. Mo ní ẹrù ẹlẹ́rù ni.