Òmìnira Ìfẹ́-inú àti Ìjìyà Ọlọ́run: Àríyànjiyàn Ọ̀rúndún Karùn-ún

Pelagius kọ́ni ní Róòmù pé nítorí pé ènìyàn lè yan rere tàbí búburú ni ìjìyà Ọlọ́run ṣe bá òdodo mu. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, kò gbà: lójú tirẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù ti sọ ìfẹ́-inú ènìyàn di ẹrú. Ìgbìmọ̀ ìjọ ní Carthage dá ẹ̀kọ́ Pelagius lẹ́bi ní ọdún 418.

Lórí ọmọ ọwọ́ tó kú láìṣèrìbọmi ni ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó. Augustine ní yóò jìyà, àmọ́ ìyà tó fúyẹ́ jù lọ ni. Julian, bíṣọ́ọ̀bù Eclanum ní Ítálì, béèrè bí Ọlọ́run olódodo yóò ṣe fìyà jẹ ẹni tí kò tí ì yan ohunkóhun. Ìbéèrè ńlá ni. Augustine ń kọ ìwé èsì sí Julian lọ́wọ́ nígbà tí ó kú ní ọdún 430. Kò parí rẹ̀.